Ìgò Méjìlélógójì Tó Ń Lọ sí Fínláǹdì

Bí Múrítàlá Àjàmú bá fọ ìgò, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń fi omi ṣàn án. Kì í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kì í sì í ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Bó ṣe ń ṣan ife tíì nílé rẹ̀ ní Máfolúkù náà nìyẹn. Bàṣírátù ìyàwó rẹ̀ ti bá a jà títí lórí omi tó ń fi ṣòfò, ó ti sú u. Ó ní ká ní wọ́n sọ fún òun nígbà náà pé ọkọ ìgò lòun ń fẹ́, òun ì bá ti mú ìgò dání lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ìṣẹ́rì ni wọ́n bí i sí, létí odò Ògùn, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń wa ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń kó yanrìn. Ó kàwé dé kíláàsì kẹrin, owó tán, ó dúró. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òṣòdì, wọ́n sì bá a wá iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìsọlọ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá, lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń fọ ìgò ní láábù ṣàìsàn. Wọ́n ní kí Múrítàlá bá wọn fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn nìkan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló lò níbẹ̀.

Kò lè ka orúkọ tí wọ́n kọ sára àwọn kẹ́ẹ̀gì, ṣùgbọ́n kò ṣi ọ̀kan gbé rí. Ó so òwú mọ́ ọrùn wọn. Òwú pupa ni ọṣẹ. Òwú dúdú ni sípírítì. Òwú funfun ni omi ooru, ìyẹn omi tí wọ́n sè, tí wọ́n wá gba ooru rẹ̀ títí ó fi padà di omi, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ àfi omi. Àwọn olùkọ́ tó kàwé jù ú lọ wá ń wo òwú kí wọ́n tó gbé kẹ́ẹ̀gì.

Ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Síbẹ̀, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ jáde lọ yẹ omi kan wò, òun náà ni Dókítà Ọmọ́wùmí máa ń pè. Dókítà Ọmọ́wùmí ló ń kọ́ wọn nípa omi tí kò níyọ̀, odò àti adágún àti ohun tó ń gbé inú wọn. Ó ní ẹni tí wọ́n fi rọ́pò Bàbá Teslim ń fọ ìgò bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè níta.

Teslim ni àkọ́bí Múrítàlá. Orúkọ ọmọ náà ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ fi ń pè é.

Ọdún yìí, kì í ṣe odò Ògùn ni wọ́n ń lọ. Fínláǹdì ni, orílẹ̀-èdè kan lókè òkun tó ní adágún omi tó lé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wọ́n mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn yóò lò létí adágún kan, wọn yóò máa bu omi rẹ̀, wọn yóò máa ka àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní inú rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ yóò fún wọn ní ọkọ̀ ojú omi àti ibi tí wọn yóò sùn. Irinṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n gbé dání.

Ìwé kan sì ti ọ̀hún wá. Kọ́láolúwa, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ló kà á fún Bàbá Teslim ní Yorùbá. Bàbá Teslim ní kó tún un kà. Ohun tí ìwé náà sọ nìyí: gbogbo ohun tó bá ti kan omi Nàìjíríà rí gbọ́dọ̀ mọ́, kí ẹyin ìgbín tàbí kóró ewéko kankan má bàa bá a dé adágún wọn. Lẹ́yìn tó bá mọ́, ó gbọ́dọ̀ gbẹ fún odidi ọjọ́ méjì kó tó kúrò ní ilé. Ẹni tó fọ̀ ọ́ yóò buwọ́ lù ú pé ó mọ́, pé ó sì gbẹ. Olùkọ́ yóò buwọ́ lù ú tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá rí ohunkóhun lára rẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò tì í mọ́lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì jókòó sétí omi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn yóò máa wo omi.

Kò sí irinṣẹ́ mìíràn. Àpótí kan péré ni: ìgò méjìlélógójì, àwọ̀n kan, okùn, àti bàtà rọ́bà mẹ́fà.

Bàbá Teslim béèrè pé, "Ẹni tó fọ̀ ọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀? Kì í ṣe ọ̀gá ẹni tó fọ̀ ọ́?"

"Ẹni tó fọ̀ ọ́ ni, sà. Ẹ̀yin ni."

Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹnikẹ́ni kò béèrè orúkọ rẹ̀ lórí ìgò rí. Ó gba ìwé náà, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sí àpò àyà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi fọ̀ wọ́n. Àwọ̀n náà ló pẹ́ jù. Ó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, ihò ara rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Omi nìkan ló ń jáde. Ohun tó wà nínú omi ni yóò kù sídìí. Láti mọ̀ bí ó bá mọ́, Bàbá Teslim máa ń gbé e kọ́, yóò da omi lítà kan sí i, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí omi bá tán nígbà tó ka mọ́kànlá, àwọ̀n mọ́ nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló wádìí èyí láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà kan, Dókítà Ọmọ́wùmí fi fóònù ka àkókò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó rí i pé kíkà Bàbá kì í yẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ó fọ gbogbo rẹ̀ tán, ó kà á, ó kó o sínú àpótí. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ni, òrùlé láábù sì ń jò. Ilé àwọn Kọ́láolúwa ní Ire-Akárí kò jò, kò sì jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú. Bàbá Teslim gbà kí ọmọ náà gbé àpótí lọ sílé lọ́jọ́ Ajé.

Ó ní, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o."

Kọ́láolúwa ní òun ti gbọ́.

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá Teslim dé Ire-Akárí láti ka ẹrù náà nígbà ìkẹyìn, kó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí pápákọ̀ yóò dé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Lateefah, akẹ́kọ̀ọ́ kejì tó ń ràn án lọ́wọ́, ti dé láti Máfolúkù ṣáájú rẹ̀. Wọ́n gbé àpótí sí àárín pálọ̀. Bàbá Teslim ṣí i.

Kò tíì mú ìgò kankan tó fi gbóòórùn.

Ó mú ìgò kan lọ síbi fèrèsé. Ẹ̀kán kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán. Ó mú èkejì. Ó mú ẹ̀kẹta. Nígbà tó wo ìkeje, ó jókòó.

"Kọ́lá."

"Sà."

"Ta ló fọwọ́ kan àpótí yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá."

"Òróró wà nínú ìgò."

Kọ́láolúwa bẹ̀rẹ̀, ó wo ìgò, ó wo Bàbá, ó wá yíjú sí ilé ìdáná. "Mọ́mì!"

Ìyá rẹ̀ jáde wá pẹ̀lú ṣíbí ìrobẹ̀ lọ́wọ́. Olúfọlákẹ́ lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni, ó ti gba àyè níbi iṣẹ́ nítorí ìrìn àjò ọmọ rẹ̀. Ó rí ìgò lọ́wọ́ Bàbá Teslim, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ti rí i? Mo ti ní n má sọ fún yín títí wọ́n á fi débẹ̀. Òróró tí Pásítọ̀ gbàdúrà sí ní ìsọjí àná ni. A ti fi gbogbo ẹrù náà lé Olúwa lọ́wọ́."

Bàbá Teslim béèrè pé, "Ìgò mélòó lẹ kán an sí?"

"Gbogbo ẹ̀. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Mi ò kan okùn àti bàtà."

"Àwọ̀n ńkọ́?"

"Mo fi pa á lẹ́nu díẹ̀."

"Díẹ̀ tó báwo?"

"Díẹ̀ náà ni, Bàbá. Ṣé wọ́n ń wọn díẹ̀ ni?"

Lateefah bo ẹnu rẹ̀. Kọ́láolúwa gbá orí mú. "Mọ́mì, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án!"

"Èmi ni ẹnikẹ́ni?" Ìyá rẹ̀ na ṣíbí sí i. "Èmi tí mo gbé ẹ sínú fún oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ mọ́kànlá? Ọmọ tí kò gun bàlúù rí, tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, tí ń lọ jókòó sórí omi àwọn òyìnbó! Kí n máa wò ọ́ lásán?"

Bàbá Teslim dúró kí wọ́n parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àwọ̀n kọ́ sórí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó da omi lítà kan sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka mọ́kànlá. Omi dúró sínú àwọ̀n bí ìgbà tó wà nínú abọ́. Ó ka ogún. Ó ka mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kó tó tán.

"Màmá Kọ́lá, ẹ wá wò ó," ló wí. "Òróró ti dí i. Bí wọ́n bá sọ ọ́ sínú adágún báyìí, omi ò ní gba inú ẹ̀ kọjá. Ti ìgò, ohun tí wọ́n ń wá nínú omi máa lẹ̀ mọ́ òróró, kò ní jáde. Wọ́n á ka odidi adágún, wọ́n á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Irọ́ nìyẹn. Ìgò tèmi ló máa pa á."

Ohùn obìnrin náà lọ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ṣé torí pé ẹ jẹ́ Mùsùlùmí ni?"

"Bí bàbá Lateefah bá bu háńtú, omi àdúrà tiwa, sí i, màá fọ̀ ọ́."

"Bàbá mi ò bu nǹkan kan sí i o!" ni Lateefah kígbe.

"Mo ní bí."

Ó pe Dókítà Ọmọ́wùmí lórí fóònù. Dókítà wà lọ́hùn-ún ní Erékùṣù, níbi ìwé ìrìn àjò àwọn ọmọ, ariwo sì pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó kúrò níbi ariwo náà.

"Bàbá, ṣé ẹ lè nù ún?"

"Nínù kọ́ ni fífọ̀."

"Mo mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ méjì gbẹ. Aago márùn-ún Sátidé ni ọkọ̀ máa dé."

"Aago márùn-ún òní nìyẹn."

"Bí kò bá mọ́ nígbà yẹn ńkọ́?"

"Mi ò ní buwọ́ lù ú."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Èmi náà ò ní buwọ́ lù ú nígbà náà. Ojú yín ni mò ń wò, Bàbá."

Aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni. Wọ́n ní wákàtí mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú.

Bàbá Teslim pín iṣẹ́. Ó rán Lateefah lọ sí Òṣòdì láti ra sípírítì lítà mẹ́wàá, torí ti láábù ti tán. Ó ní kó gbóòórùn rẹ̀ kó tó sanwó, bí ó bá ń ta sánsán bí lọ́fínńdà, kó fi í sílẹ̀ fún wọn. Ó rán Kọ́láolúwa lọ sí láábù láti gbé kẹ́ẹ̀gì olówùú pupa kan àti olówùú funfun mẹ́rin. Òun fúnra rẹ̀ to ìgò sórí tábìlì ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù, ní ọ̀wọ́ mẹ́fà, ìgò méje ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìgò kan wà tí kò lóróró nínú. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tò ó mọ́ àwọn yòókù.

Ìyá Kọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó ti gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú báàfù ńlá méjì àti ọṣẹ oníyẹ̀fun nínú ọ̀rá.

"Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ n bá yín fọ̀ ọ́."

"Ẹ ṣé. Ẹ gbé báàfù wá. Ẹ dá ọṣẹ yẹn padà."

"Ọṣẹ tó ń mú aṣọ funfun bí eyín yìí?"

"Àwọn nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ń mú ewé omi dàgbà. Ohun tí àwọn ọmọ ń lọ wọ̀n gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá fi fọ ìgò, ọṣẹ yín ni wọ́n á lọ wọ̀n ní Fínláǹdì."

"Ọlọ́run mi ò," ni ìyá Kọ́lá wí. "Àwọn nǹkan wo ni kì í ba ìgò yìí jẹ́?"

"Omi."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Teslim kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lòun sọ, ṣùgbọ́n ó dára lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Lateefah dé nínú òjò, ìbòrí rẹ̀ rin gbindin, kẹ́ẹ̀gì sípírítì wà lábẹ́ apá rẹ̀ bí ọmọ. Ó ní ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ ta á fún òun fi omi lù ú, ẹnì kejì ní imú òun ti mú jù, kóun lọ bá wọn ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀, níbi tí ajá ti ń gbóòórùn ẹrù. Ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta lòun ti rà á.

Wọ́n da sípírítì sí ìgò, wọ́n mì í, wọ́n dà á nù. Wọ́n fi ọṣẹ olówùú pupa fọ̀ ọ́. Wọ́n fi omi ẹ̀rọ ṣàn án títí ìfófòó fi tán. Lẹ́yìn náà, omi ooru, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyá Kọ́lá ni wọ́n fi sídìí ṣíṣàn. Ó ń kà á sókè bí ó ṣe ń kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, "Oókan! Eéjì! Ẹẹ́ta!" Bàbá Teslim ń gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ìgò bá mọ́, omi yóò tẹ́ pẹrẹsẹ lára rẹ̀. Bí òróró bá ṣẹ́ kù, omi yóò kóra jọ ní wẹ́wẹ́ bí òógùn iwájú orí. Èyí tó bá kóra jọ, ó ń dá a padà láìsọ̀rọ̀. Ó dá mẹ́sàn-án padà. Ó dá méjì nínú mẹ́sàn-án náà padà lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá, ẹ mà le o," ni ìyá Kọ́lá wí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe ìyàwó yín?"

"Ó ti sú u."

Ìgò méjèèjìlélógójì mọ́ ní aago méjì ọ̀sán. Wọ́n jẹ búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dojú kọ àwọ̀n.

Wọ́n rì í sínú sípírítì, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n ṣàn án. Bàbá Teslim gbé e kọ́, ó da lítà kan sí i. Mọ́kàndínlógún. Wọ́n tún un fọ̀. Mẹ́rìnlá. Wọ́n tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

"Méjìlá," ni Kọ́láolúwa wí. "Bàbá, méjìlá dáa."

"Méjìlá kì í ṣe mọ́kànlá."

"Ẹyọ kan péré ló kù, sà. Ta ló máa mọ̀?"

Bàbá Teslim kò wò ó. Àwọ̀n ló ń wò. Ó da omi sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kà á. Mẹ́tàlá.

Ìyẹn ló mú kó dákẹ́. Àwọ̀n tí wọ́n fọ̀ kò yẹ kó tún máa dí sí i. Òróró ń wá láti ibì kan. Ó fi ìka yí i ká, ó gbóòórùn ìdí rẹ̀, ó gbóòórùn àárín rẹ̀. Imú rẹ̀ ti gba sípírítì jù, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó yíjú sí ìyá Kọ́lá.

"Màmá Kọ́lá. Díẹ̀ tí ẹ fi pa á yẹn, ó tó báwo?"

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo ní díẹ̀ ni, àbí? Kì í ṣe díẹ̀. Mo yí ẹnu ẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ní orúkọ Bàbá, ní orúkọ Ọmọ, ní orúkọ Ẹ̀mí Mímọ́. Mo wá rí i pé aṣọ ẹnu ẹ̀ ń mu ún, mo ní bóyá Ọlọ́run ló ń gbà á, mo bá da ìyókù òróró náà sí i."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Ojú ló tì mí tí mi ò fi sọ. Ẹ dárí jì mí."

"Ẹ ṣé tí ẹ sọ," ni Bàbá Teslim wí.

Ó di ẹnu àwọ̀n mú. Aṣọ nípọn kan ni wọ́n rán yí i ká, tó dì mọ́ irin. Ibẹ̀ ni òróró sá sí. Ní gbogbo ìgbà tí omi bá kan aṣọ náà, òróró ń ṣàn wálẹ̀ sára àwọ̀n. Bí wọ́n bá fọ ara àwọ̀n títí di ọ̀la, kò ní mọ́. Kò bínú. Ó gba abẹ kékeré kan lọ́wọ́ ìyá Kọ́lá, ó tú òwú tí wọ́n fi rán aṣọ náà, ojú òwú kọ̀ọ̀kan, kò já ọ̀kankan. Ó yọ aṣọ kúrò lára irin. Ó rì í sínú sípírítì tuntun, ó gbé e sáàárín ìnùjú funfun méjì, ó ní kí Kọ́láolúwa dúró lé e lórí. Àmì òfeefèé jáde lára ìnùjú. Wọ́n pààrọ̀ ìnùjú. Ìyá Kọ́lá ń ṣí dúrọ́ọ̀, ó ń kó ìnùjú jáde, ìnùjú tó rà fún àlejò. Ìkẹfà ló jáde láìní àmì.

Lateefah ló fi abẹ́rẹ́ rán an padà. Wọ́n fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Aago mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Bàbá Teslim gbé e kọ́. Ó da omi sí i. Òjò ti dá. Gbogbo wọn ń kà láìjẹ́ kó jáde lẹ́nu. Nígbà tó ka mẹ́wàá, omi ṣì ń kán. Nígbà tó ka mọ́kànlá, ó dá.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i," ló wí.

Mọ́kànlá.

Ìyá Kọ́lá pariwo "Halelúyà" tí aládùúgbò fi yọjú lórí ògiri. Bàbá Teslim wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá kí márùn-ún lù. Wọ́n kó ìgò wọ pálọ̀, wọ́n dojú wọn dé sórí aṣọ mímọ́, wọ́n so àwọ̀n mọ́ irin kọ́tìnì, wọ́n tan fáànù méjèèjì. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má dín nǹkan nínú ilé, nítorí ooru òróró máa ń fò. Ìyá Kọ́lá ní òun ti gbọ́. Bàbá Teslim wò ó. Ó ní òun ti gbọ́ lóòótọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tó padà dé, bàbá Kọ́lá ló pàdé nínú ọgbà. Ó jókòó sórí àga ike, búrẹ́dì àti gúgúrú wà lórí itan rẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni wọ́n máa dín ẹyin nínú ilé yìí?"

"Bí wọ́n bá ti lọ."

"Ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ, ìyàwó mi lé gbogbo wọn lọ sílé ẹlòmíràn. Èmi, ó ní kí n gba ẹ̀yìn wọlé. Ilé mi o!"

Pálọ̀ gbẹ. Ìyá Kọ́lá jókòó sójú ọ̀nà lórí àpótí ìjókòó, Bíbélì wà lórí itan rẹ̀, bọ́tìnì fáànù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ó ní láti Ọjọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni kò kọjá ibẹ̀. Bàbá Teslim fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan aṣọ ẹnu àwọ̀n. Ó gbẹ dáadáa. Ó gbé ìgò sójú ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kà á sínú àpótí, ó di àwọ̀n sínú ọ̀rá tuntun. Méjìlélógójì. Dókítà Ọmọ́wùmí ti dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti pé, àpò wọn wà nílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Bàbá Teslim yọ ìwé náà jáde láti inú àpò àyà rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó béèrè ojú ìlà tó jẹ́ tirẹ̀, Dókítà fi ìka hàn án. Ó kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, kò yára. Dókítà kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, kí ni ká bá yín mú bọ̀ láti Fínláǹdì?" ni Kọ́láolúwa bi í.

"Ìgò mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Kọ́lá ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan láti ìgbà tí ọkọ̀ ti fọn fèrè níta. Ó súnmọ́ Bàbá Teslim.

"Bàbá. Mo ní òróró tuntun. Ṣé mo lè fi sí wọn lórí? Orí nìkan. Mi ò ní súnmọ́ àpótí."

Bàbá Teslim rò ó. "Orí ò sí nínú ìwé," ló wí.

Obìnrin náà mú ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó fi òróró sí i níwájú orí, ó gbàdúrà fún un ní ohùn Èkìtì, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣe fún àwọn tó fẹ́. Nígbà tó kan Lateefah, ọmọ náà fọwọ́ mú ìbòrí rẹ̀.

"Mọ́mì, bàbá mi ti ṣe tèmi nílé láàárọ̀. Ẹ fi ẹnu ṣe é fún mi."

"Màá fi ẹnu ṣe é, ọmọ mi." Ó sì fi ẹnu ṣe é, ó gùn ju ti àwọn yòókù lọ.

Awakọ̀ tún fọn fèrè. Kọ́láolúwa nu iwájú orí rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpótí.

"Ọwọ́," ni Bàbá Teslim wí.

Ó dúró sídìí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì olówùú pupa, wọ́n sì to sẹ́yìn ara wọn, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà àti Dókítà. Ó da ọṣẹ sí wọn lọ́wọ́, ó wo ọwọ́ kọ̀ọ̀kan níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni oníkálukú ṣan tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọlé, wọ́n gbé àpótí náà lọ sínú ọkọ̀.